Bí A Ṣe Sin Amọ̀fin Cole ní Thamesmead

Ẹ̀yin ará Ṣàgámù tí ẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé kí ni mo rí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ààfin ọba àti aago ńlá, kó lọ bi àwọn tó lọ síbẹ̀ lọ ya fọ́tò. Èmi ò débẹ̀. Woolwich ni mo wà, àti Thamesmead tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí odò Thames ti ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sí òkun. Òkú kan ni mo gbé lọ, mo sì sin ín kí n tó padà.

Ẹ má sá. Òkú náà ti pẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, èmi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ògbufọ̀. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, àárín adájọ́ àti ọ̀daràn ni mo ń dúró sí ní kóòtù, mò ń sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì, mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí rí pé kí ni èrò tèmi. Adájọ́ kan tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn ló fi àpótí ìwé sílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti bá Esekíẹ́lì Cole pàdé, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ará Amẹ́ríkà, tó gbé ayé nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣì ń sá fún ogun. Ẹrú ni wọ́n bí i. Ó di amọ̀fin, ó tún di aṣòfin. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń bá mi gbélé, tí kò san owó ilé.

Wàhálà mi ni pé kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ìtàn náà dé òpin lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ń dun àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi, alága ìjókòó gba makirofóònù lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi, ti gbọ́ ibi tí wọ́n bí Cole sí láìmọye ìgbà, kò gbọ́ bó ṣe kú rí. Kí n tó débẹ̀, oorun á ti gbé e lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Bọ́lá, àkọ́bí wa, ní kí n wá lo àsìkò díẹ̀ lọ́dọ̀ òun ní Thamesmead, tó sì ní àwọn ará ilé wa tó wà níbẹ̀ máa fún mi ní gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Sátidé kan láti sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ojú ọjọ́ ti là. Ara mi ò ní gba irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọn ò bá gbọ́ Cole tán níbẹ̀, a jẹ́ pé èmi àti ìtàn yẹn la jọ máa wọ sàréè.

Ìyàwó mi sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní: "Bàbá Bọ́lá, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé òkú Amẹ́ríkà yẹn lọ bá ọmọ mi. Ọmọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, ó nílò oorun."

Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́.

ÀWỌN TÓ NI ÌTA

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Thamesmead ni ìdákẹ́jẹ́. Ilé pọ̀ níbẹ̀, tuntun àti àtijọ́, gbogbo wọn ló sì ní èèyàn nínú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ẹnì kan níta. Mo bi Bọ́lá pé ṣé ogun ti kó ìlú náà ni.

Ó ní: "Daddy, everybody ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó ṣe night sì ń sùn. Ẹ má worry, ẹ máa rí wọn."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Àwọn kan ń tọ́jú arúgbó, àwọn kan ń fọ ọ́fíìsì, àwọn kan ń wakọ̀ bíi ti Bọ́lá. Bí ọkọ ṣe ń wọlé ni ìyàwó ń jáde, wọn a kíra wọn lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.

Àwọn ẹyẹ ló ni ìta. Adágún omi wà káàkiri ibẹ̀, ẹyẹ kan sì wà létí omi tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ní ìrísí, tó jọ ọmọ ìta ní ìwà. Ọrùn wọn gùn, ohùn wọn le. Tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì, wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bọ́ọ̀sì a dúró, ọkọ̀ ńlá a dúró, kò sí ẹni tó máa fọn fèrè. Mo fẹ́ kọjá láàárín wọn lọ́jọ́ kan bí àgbàlagbà, ọ̀kan na ọrùn sí mi, ó sì fẹnu gbá ẹ̀wù òtútù mi mú. Ará ilé wa kan tó ń kọjá lọ ní: "Daddy, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. They were here first." Mo jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ìwà àwọn òyìnbó ibẹ̀ ò yé mi bọ̀rọ̀. Mo tẹ ìyá àgbà kan lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ náà sì ró lábẹ́ bàtà mi. Kí n tó lanu, òun ló ní kí n má bínú. Èmi tí mo fi ògbufọ̀ jẹun, mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ padà, òun náà tún bẹ̀ mí, a bẹ ara wa títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Ọmọ Bọ́lá, Tèmi, tó ti wọ yunifásítì, bọ̀wọ̀ fún mi lọ́nà tirẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní: "Grandpa, ṣé o sùn dáadáa? O ti jẹun?" Mo wo ẹ̀yìn mi, mò ń wá ọmọdé tó ń bá sọ̀rọ̀. Bọ́lá, ìyá rẹ̀, bojú jẹ́ sí i láti ilé ìdáná, ó ní, "Tèmi! Ṣé ẹ ti jẹun?" Ọmọ náà dáhùn pé òun ti jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ tó dìde kúrò nídìí fóònù rẹ̀ láti wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ mi, kí ni mo tún fẹ́?

Tèmi yìí náà ló bá mi ṣe àwòrán ìpè. Ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ní: "Grandpa, kí lo fẹ́ kí n write?"

Mo ronú. Mo fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó níyì. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé "Celebration of Life". Mo ní kó fi àwòrán Cole tó wà nínú ìwé mi sí àárín, èyí tó ti jókòó pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun àti kóòtù dúdú, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́, Pa Ezekiel Cole, kó wá kọ orúkọ tèmi sísàlẹ̀, pẹ̀lú gbọ̀ngàn àti aago, àti pé oúnjẹ máa wà.

Tèmi ní: "What about the dates? When he was born and that."

Mo ní rárá o. Bí wọ́n bá ti mọ ìgbà tó kú, wọ́n ti mọ òpin ìtàn nìyẹn, wọn ò ní wá.

Ó wo àwòrán náà, ó wò mí. "He looks like you, you know." Orí mi wú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán náà ti wọ fóònù gbogbo ìjọ aláṣọ funfun, ti wọ tàwọn mùsùlùmí, ti wọ tàwọn ará ilé wa láti Woolwich títí dé ibi tí mi ò mọ̀.

ỌKỌ̀ Ọ̀FẸ́

Mo ní láti gbìyànjú ìtàn náà wò kí ọjọ́ tó pé. Ọkọ̀ ojú omi kan wà ní Woolwich tó ń gbé èèyàn sọdá Thames, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe ní òdì kejì, ṣùgbọ́n ohun ọ̀fẹ́ ni, mo wọ̀ ọ́. Mo jókòó ti òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ tutù, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó ń mi orí. Ṣùgbọ́n odò yẹn ò fẹ̀ tó. Cole ò tíì mọ ìwé kà tí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀, ọkùnrin náà sì dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Mo gbé e lọ sí Plumstead Common, pápá gbalasa kan tí ilé yí ká, mò ń rìn lórí koríko, mò ń sọ̀rọ̀ sókè. Ajá kan wá jókòó níwájú mi, ó na etí. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. A ti dé ibi tí Cole ti wọ ilé-ẹjọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ kí ẹni tó ni ajá náà tó wá fà á lọ. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì sí ẹ̀dá tó bá mi jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn náà.

ỌJÀ BERESFORD

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jayé mi ná.

Bọ́lá rán mi lọ ra ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Beresford Square, ọjà tó wà lẹ́nu géètì àtijọ́ tí wọ́n ń gbà wọ ibi tí ìjọba ti ń rọ ìbọn láyé ọjọ́un. Ọjà náà ò tó ìdajì tiwa, àwọn tó ń ná an ò sì pariwo tó. Ata rodo wà, iṣu wà, pọ̀nmọ́ wà, ó kàn jẹ́ pé inú ọ̀rá ni wọ́n fi gbogbo wọn sí, bí ẹni tó ń fi wọ́n pamọ́ fún ọlọ́pàá.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan fi jáde látinú ìsọ̀ àpótí àti fóònù. Alhaji ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìbàdàn, onífìlà kékeré. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó sì tẹríba.

"Daddy, ẹ̀yin ni, àbí? A rí i lórí WhatsApp. Ọlọ́run Allah á fún yín lókun. By the grace of God, Saturday, gbogbo wa la máa wà níbẹ̀."

Mo ní ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ní láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ kiri, mi ò tíì rí irú èyí.

"Haba, Daddy, ohun tó yẹ ni. Irú wọn ò pọ̀ mọ́."

Irú wọn ò pọ̀ mọ́! Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹni tó mọ iyì Cole láìtíì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀! Ìyá tó ń ta ẹja wo ojú mi, ó wo fóònù rẹ̀, ó kó ẹja sínú ọ̀rá, ó sì kọ̀ kò gba owó. Ó ní irú àsìkò yìí kọ́ ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kó tó dé ibi tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ kí mi lójú títì, àwọn òyìnbó ń rìn yí wa ká.

Mo padà sílé pẹ̀lú ẹja ọ̀fẹ́ àti àyà gbígbé sókè. Mo sọ fún Bọ́lá pé ibi tí wọ́n ti mọ iyì ìmọ̀ ni mo wà yìí, kì í ṣe Ṣàgámù tí wọ́n ti ń gba makirofóònù lọ́wọ́ èèyàn. Ó ti rẹ Bọ́lá, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "That's nice, Daddy," ó sì jáde.

ỌJỌ́ SÁTIDÉ

Nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn yẹn, ẹsẹ̀ mi dúró. Ó kún dẹ́nu. Dúdú ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Àwọn ìyá ìjọ aláṣọ funfun jókòó sí apá kan nínú sùtánà wọn, wọn ò wọ bàtà. Níwájú, wọ́n ti mú àwòrán Cole, wọ́n ti ya á ní ńlá, wọ́n ti fi férémù sí i, wọ́n fi òdòdó yí i ká, wọ́n tan àbẹ́là sí ọ̀tún àti òsì. Òórùn ìrẹsì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Alhaji kó búrẹ́dì àti omi wá, ó ní sàráà ni.

Ìyá kan dìde láàárín àwọn aláṣọ funfun. Mummy Àdùkẹ́ ni, olórí àwọn obìnrin ìjọ yẹn, àgbàlagbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó gbá mi mọ́ra.

"Bàbá, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ẹ̀yìn wọn á dáa. Ẹ máa rọ́jú."

Ìgbà yẹn ni ọpọlọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó ti yẹ kó dé láti ọjà. Wọ́n rò pé bàbá mi ló kú.

Mo wo ẹ̀yìn. Bọ́lá ń wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, aṣọ awakọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, èèyàn ń dì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Ó sáré wá bá mi, ó rọra fi eyín sọ̀rọ̀: "Daddy! Kí lẹ ṣe? Wọ́n ń bínú sí mi pé grandpa mi kú, mi ò tell anybody!"

Mo ní kò ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó níyì lọ.

"Celebration of Life, with photo, with food? Daddy, òkú ni gbogbo èèyàn ń fi ìyẹn pè níbí!"

Obìnrin kan tó wọ gèlè dúdú ti ń sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé òun mọ Pa Cole dáadáa ní Ọlọ́wọ̀gbọwọ̀, l'Ékòó. Ó ní wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní wọ́n máa ń fún òun ní gúgúrú. Ó nu ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kó sí ìyọnu. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á dìde, wọ́n á kó ìrẹsì wọn, Cole á sì tún padà sínú àpótí láìparí. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rí ọkàn mi ò ní jẹ́ kí n sinmi. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ jáde lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣé èmi ni mo wá fẹ́ gba ìbánikẹ́dùn èké? Kí n tó pinnu, Alhaji ti ṣe àdúà, Mummy Àdùkẹ́ ti gbàdúrà, wọ́n ti mú mi dúró síwájú. Wọ́n ní kí n sọ nípa ìgbésí ayé bàbá.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ pé wọ́n bí i sínú oko òwú ẹlòmíràn ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn kan wo ara wọn. Mo sọ bó ṣe kọ́ láti kàwé lára ìwé tí wọ́n fi ń di iyọ̀. Mo sọ bí ogun ṣe parí tí wọ́n sì dá ẹrú sílẹ̀, bó ṣe lọ ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì amọ̀fin òyìnbó kan, tó ń ka ìwé òfin tó bá ti gbálẹ̀ tán, títí ọkùnrin yẹn fi bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ kan láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì dá a lóhùn pẹ̀lú ojú ìwé tó wà. Wọ́n ń sọ pé "Háà!", wọ́n ń sọ pé "Olúwa o!" Mi ò rí irú etí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìfetísílẹ̀ wọn gbà mí mọ́ra, ó sì ń dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé bàbá ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbọ́. Mo dé ibi tó ti wọlé ìbò, tó sì jókòó nílé aṣòfin, tó jà fún kí wọ́n kọ́ ilé ìwé fún ọmọ ẹrú àti ọmọ tálákà òyìnbó. Mi ò lè lọ mọ́.

Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe bàbá mi. Mi ò bá a tan rárá. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi."

Obìnrin gèlè dúdú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: "Mo kúkú ń wò ó! Cole tèmi ga ju eléyìí lọ."

Alhaji yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó di fìlà rẹ̀ mú kó má bàa jábọ́. Ọkùnrin kan ní òun gba ìsinmi níbi iṣẹ́ nítorí òkú tí kò sí. Àwọn kan ń dìde. Mo gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò lẹ́yìn. Mo ká ìwé mi. Mo ní ó tán nìyẹn, díẹ̀ náà ni wọ́n fi kọjá ibi tí ajá yẹn bá mi dé.

Mummy Àdùkẹ́ ò dìde. Ó ní: "Bàbá, bàbá yìí, ṣé wọ́n bímọ?"

Mo ní rárá. Mo ní wọ́n ta ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi tí kò mọ̀ kí òmìnira tó dé. Ó wá a títí. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ọdọọdún, pé bí ẹnikẹ́ni bá rí obìnrin báyìí, kó sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ń dúró. Kò rí i. Kò sì fẹ́ ẹlòmíràn.

"Ta ló wá sin wọ́n?"

Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú ni. Mo ní ìwé náà sọ pé kò sí ẹbí níbẹ̀, wọn ò sì fi òkúta kankan sí i lórí.

Ìyá náà yíjú sí gbọ̀ngàn. "Ẹ jókòó, gbogbo yín. Brother, ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò. No visitor, Christmas, birthday, nothing. Tí wọ́n bá kú, èmi àti sister kan la máa ń wẹ̀ wọ́n, tá a máa ń ya irun wọn. Òyìnbó ni wọ́n o, mi ò bá wọn tan. Mo máa ń sunkún wọn kí n tó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ta ni kò ní òkú tirẹ̀ nílé tí kò lè lọ sin, nítorí ìwé ìgbélùú, nítorí iṣẹ́? A ti wọ dúdú. A ti se oúnjẹ. Bàbá yìí ti ń dúró de èèyàn láti ọjọ́ yìí wá." Ó kọjú sí mi. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ dé. Ẹ má fo nǹkan kan."

Wọ́n jókòó. Ọkùnrin tó gba ìsinmi náà jókòó.

Mo sọ bí ayé ṣe yí padà, tí àwọn tó ni ẹrú tẹ́lẹ̀ gba ìlú padà, tí wọ́n lé gbogbo aláwọ̀ dúdú jáde nílé aṣòfin. Mo sọ bí Cole ṣe ń wọ kóòtù dúdú yẹn láràárọ̀, tó ń lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé aṣòfin, kí wọ́n máa rìn yí i ká kí wọ́n tó wọlé. Òjò, oòrùn, ó wà níbẹ̀. Àwọn kan tutọ́ sí i lára. Ó ń nu ún, ó ń jókòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi di arúgbó, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí àtẹ̀gùn náà ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn kiri ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì tíì sọ òpin rẹ̀ jáde lẹ́nu rí, nítorí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kí n débẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ pé ó máa dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún níwájú àwọn èèyàn, pẹ̀lú ewú orí mi. Bọ́lá wá dúró tì mí nínú aṣọ awakọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin aláṣọ funfun dá orin sílẹ̀, Alhaji la ọwọ́ méjèèjì, obìnrin Ọlọ́wọ̀gbọwọ̀ sì ń sunkún ju gbogbo wa lọ.

Lẹ́yìn náà a jẹun. Mo ti jẹ ìrẹsì níbi púpọ̀, mi ò tíì jẹ èyí tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Alhaji fi ẹnu tó kún fún mọ́ínmọ́ín bi mí: "Daddy, fídáù ọjọ́ kẹjọ ńkọ́? Ṣé níbí náà ni?"

ILÉ

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí mo dé géètì wa, mo bá àga funfun tí wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá Bọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán.

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ olóòkú," ló fi kí mi.

Àwòrán ìpè yẹn ti ṣáájú mi délé. Gbogbo àdúgbò, tó fi mọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ti wá bá ìyàwó mi kẹ́dùn, ó sì ti se oúnjẹ fún yín nítorí òkú tí kò mọ̀. Mo ti ń múra láti gba ìbínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó fa àpótí ìjókòó kan wá síwájú mi.

Ó ní: "Ojú tì mí, Bàbá Bọ́lá. Gbogbo ẹni tó wá ló ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe kú. Ọkùnrin tó ti ń gbé ilé mi láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ jókòó."

Mo tún ohùn mi ṣe. Mo ní wọ́n bí Esekíẹ́lì Cole sínú oko òwú kan…

"Mo mọ ibi tí wọ́n bí i sí! Òpin ni kí ẹ sọ."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ìwé ìròyìn, mo sọ ti àtẹ̀gùn, mo sọ ti sàréè tí kò lókùúta. Mo ń wò ó lójú, mò ń retí oorun. Kò ṣẹ́jú.

Mo parí ìtàn náà. Ó ní: "Ìyàwó rẹ̀ tó ń wá yẹn. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ní Thamesmead pàápàá, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìyẹn.

Mo ní: "Hánà."

Ìyá Bọ́lá mi orí. Ó na ọwọ́ sí mi, ó di tèmi mú bí Alhaji ṣe dì í mú lọ́jà. "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù," ló wí. "Tàwọn méjèèjì."